Alùpùpù tí Èmi àti Bàbá Mi Tú Palẹ̀

Ọ̀rọ̀ alùpùpù ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe ti àwọn ọlọ́kadà tó ń pe èrò ní Gáráàjì Ọ̀fà níbí ní Ìlọrin. Ti ògbólógbòó alùpùpù kan tó wà ní ẹ̀yìnkùlé wa ni, èyí tí tápólì ti bò mọ́lẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Abẹ́ rẹ̀ ni adìẹ ìyá mi ń yé sí. Àwa ọmọ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìdí, bàbá mi yóò ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀," ọ̀rọ̀ sì parí nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń ra irin àlòkù kiri àdúgbò ti ọmọlanke rẹ̀ wọ agbolé wa, ó sì dá iye kan lé e. Sí ìyàlẹ́nu gbogbo wa, bàbá mi gbà. Ó ní kí ọkùnrin náà wá gbé e ní ọjọ́ Sátidé. Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èmi ni mo kúnlẹ̀ tí mo ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tà á. Ẹ jẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin tún un ṣe."

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ọmọ tó gboyè nínú ìmọ̀ èdè Yorùbá, tí kò di sípánà mú rí! Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni ì bá bá a ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sí òkè òkun. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Ó dára," ó ní. "Oṣù mẹ́ta ni mo fún ọ. Bí kò bá dún, onírin yóò gbé e lọ."

Yamaha DT 125 ti àwọn ọdún 1980 ni alùpùpù náà. Ọdún 1968 ni Yamaha gbé àkọ́bí ìdílé DT jáde, èyí tí wọ́n pè ní DT-1, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 250 cc. Ohun tó mú kí àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ẹni tó gùn ún lè rìn lórí ọ̀dà títí dé ibi tí ọ̀dà pin sí, kí ó sì máa bá ìrìn rẹ̀ lọ nínú erùpẹ̀, ẹrẹ̀ àti òkúta. Àbúrò rẹ̀ ni ti bàbá mi. Táyà iwájú rẹ̀ ga ju ti ẹ̀yìn lọ, kí ó lè gun orí gbòǹgbò. Ọ̀pá èéfín rẹ̀ sì gba òkè kọjá, kí kùkùté àti omi odò má baà bà á jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yóò ti rí orúkọ Yamaha yìí lára dùùrù. Orísun kan náà ni wọ́n ti ṣàn wá. Ní ọdún 1887, wọ́n pe ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Torakusu Yamaha kí ó wá tún dùùrù ilé ẹ̀kọ́ kan ṣe ní ìlú Hamamatsu, ní ilẹ̀ Jàpáànì. Bí ó ti tú u tí ó rí inú rẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan tirẹ̀. Ní 1955, ẹ̀ka tó ń ṣe alùpùpù dá dúró gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́. DKW RT 125 ti ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n sì wò ṣe YA-1, alùpùpù wọn àkọ́kọ́. Ẹ kò rí i pé kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn tú nǹkan palẹ̀ láti fi kọ́ ọgbọ́n.

Irinṣẹ́ ni alùpùpù náà jẹ́ fún bàbá mi. Òun jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ àgbẹ̀ ní ọ̀nà ìgbàlódé lábẹ́ ètò ADP, ètò tí Báńkì Àgbáyé ràn lọ́wọ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní Funtua, Gusau àti Gombe nínú àwọn ọdún 1970 kí ó tó tàn kálẹ̀. Ìlànà wọn ni pé kí òṣìṣẹ́ máa bẹ àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, òjò ìbáà rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn ìbáà mú. Láti Gáráàjì Ọ̀fà, bàbá mi yóò gba Gànmọ̀ àti Àmọ̀yọ̀ kọjá lọ sí ìhà Ìdọ́fìàn, yóò sì yà sí ọ̀nà oko tí mọ́tò kankan kò lè gbà.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kì í ṣe bí a ti ń tú nǹkan ni ó kọ́kọ́ kọ́ mi. Bí a ti ń rántí ohun tí a tú ni. Ó kó agolo mílíìkì méjìlá jọ, ó sì ní kí n kọ orúkọ sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan: ti kábúrétọ̀, ti orí ẹ́ńjìnnì, ti táyà ẹ̀yìn. Bọ́ọ̀tì tí a bá tú ní ibì kan kò gbọ́dọ̀ sùn sínú agolo ibòmíràn. Èmi náà ń fi fóònù ya àwòrán kí sípánà tó kan ohunkóhun.

Mo tẹ kíìkì, kò mì. Písítìn ti lẹ̀ mọ́ inú sìlíńdà. Mo rò pé iṣẹ́ ti tán ní ọjọ́ kìíní. Bàbá mi ní kí n tú púlọ́ọ̀gì, kí n da òróró àti dísẹ̀lì díẹ̀ sí ojú ihò rẹ̀, kí n sì lọ sùn. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi ń lọ yọjú sí i láàárọ̀ bí ẹni tó ń bẹ aláìsàn wò. Ní ọjọ́ karùn-ún, kíìkì náà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí adìẹ fi fò.

A gbé sìlíńdà lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì kan nítòsí gáráàjì, ẹni tó ti mọ bàbá mi tipẹ́, tó ń pè é ní Bàbá Àgíríìkì. Ó kí wa dáadáa, ó sì yíjú sí mi. "Àǹtí, ẹ fi í sílẹ̀ kí ọmọ iṣẹ́ mi bá Bàbá ṣe é. Ọwọ́ yín á dọ̀tí." Kí n tó dáhùn, bàbá mi ní, "Ọmọ iṣẹ́ tèmi nìyí." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n inú mi dùn títí tí a fi dé ilé.

Ọmọ iṣẹ́ náà kò pẹ́ kó tó ba nǹkan jẹ́. Bàbá mi ti kìlọ̀ fún mi pé álúmíníọ́ọ̀mù ni orí sìlíńdà, pé kò gba agídí. Ìka ni a fi ń wé púlọ́ọ̀gì wọlé títí yóò fi jókòó, kí sípánà tó fún un díẹ̀. Mo kánjú. Mo fi sípánà láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì fún un títí ó fi dún káú. Ojú ihò náà ti já. Owó àpilẹ̀kọ mi ti odidi oṣù kan ni mo san fún ẹni tó fi ẹ̀rọ lu ihò náà, tó fi irin tuntun sí i nínú. Mo bi bàbá mi bóyá ó rí mi nígbà tí mo ń ṣe é. Ó ní òun rí mi. "Kí ló dé tí ẹ kò pariwo?" "Èyí ṣe é tún ṣe," ó ní.

N kò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn títí a fi dé orí kábúrétọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: ọwọ́ bàbá mi ti ń gbọ̀n. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife tíì rẹ̀, tí gbogbo wa ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Inú kábúrétọ̀ ni ìdẹ kékeré kan wà tí epo ń gba inú rẹ̀ kọjá, kò ju èso ẹ̀wà lọ, ihò àárín rẹ̀ kò sì tó ojú abẹ́rẹ́. Ó já bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi lẹ́ẹ̀mẹta sínú iyanrìn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, kò tẹ̀ mọ́. Ó jókòó sẹ́yìn, ó nawọ́ sí i, ó ní, "Gbà á."

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Mo ti ṣàlàyé òwe yìí nínú ìdánwò rí, mo sì gba máàkì. Ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kèrègbè náà.

Epo àtijọ́ ti gbẹ sínú ihò náà bí oje igi. Mo rẹ ẹ́ sínú bẹntiróòlù, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo sì gbé e sókè sí oòrùn kí n lè wò bóyá ìmọ́lẹ̀ ń kọjá. Bàbá mi ní kí n má ki wáyà líle bọ̀ ọ́, nítorí bí ihò bá fẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, ẹ́ńjìnnì yóò mu epo yó. Lẹ́yìn náà, láìyí ohùn padà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ kò ṣubú láti orí bẹ́ẹ̀dì."

Àpá kan wà lókè ojú òsì ẹ̀gbọ́n mi. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n sọ fún wa pé ó ti ṣubú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, èmi ṣì ń rákò. Bàbá mi ti tún bírékì alùpùpù náà ṣe fúnra rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó gbé ọmọ rẹ̀ jókòó sórí táńkì, láìsí akoto lórí ẹnikẹ́ni, kí wọ́n lè dán an wò dé ìkóríta, kí wọ́n sì padà. Ewúrẹ́ kan já sọ́nà. Bírékì kò mú. Wọ́n rán orí ọmọ náà ní ojú méje.

"Èmi ni mo so bírékì yẹn," bàbá mi ní. "N kò lè gùn ún mọ́, n kò sì lè tà á. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ rìnrìn àjò, mo ní bóyá ó ti tó kí n jẹ́ kó lọ."

N kò gbójú sókè. Mo ń nu ìdẹ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé bí ojú wa bá ko ara wọn, ọ̀rọ̀ náà yóò tán. Wọ́n kọ́ wa pé ọmọ kì í wo àgbà lójú kòró. Ìdí nìyẹn tí ó fi ṣòro fún ọ̀pọ̀ nínú wa láti bá òbí wa sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá pè wá jókòó síwájú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni méjì tó ń wo ẹ̀rọ kan náà kò nílò láti wo ara wọn. Ẹ̀yin òbí, bí ọ̀rọ̀ kan bá wà ní ikùn yín tí ẹ kò mọ bí ẹ ó ti sọ ọ́, ẹ wá iṣẹ́ kan tí ẹ̀yin àti ọmọ yín yóò jọ tẹjú mọ́. Kò pọn dandan kó jẹ́ alùpùpù. Kẹ̀kẹ́ tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ náà yóò ṣe é.

Bí ó bá sì jẹ́ alùpùpù, ẹ fi ìmọ̀ràn wọ̀nyí sọ́kàn. Ẹ wá ìwé rẹ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun sí i. Ẹ má jẹ́ kí bẹntiróòlù àti iná pàdé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣe àṣìṣe tó ṣe é tún ṣe, kí ẹ sì pariwo sí èyí tí kò ṣe é tún ṣe. Ẹ tún bírékì ṣe kí ẹ tó wá ohùn ẹ́ńjìnnì, kí ẹ̀yin àti ọmọ sì ní akoto. Nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó fi dandan lé akoto ní oṣù kìíní ọdún 2009, àwọn kan dé igbá sórí láti fi tan ọlọ́pàá jẹ. A fi wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n orí wọn ni wọ́n ń tàn jẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá, a ti fi bírékì tuntun sí i níwájú àti lẹ́yìn. A po òróró mọ́ epo, ìwọ̀n òróró kan sí ìwọ̀n epo 25, nítorí a kò fọkàn tán ẹ̀rọ kékeré tó ń fa òróró sínú irú ẹ́ńjìnnì yìí. Ní ìgbà kẹtàdínlógún tí mo tẹ kíìkì, ó dún. Ó rú èéfín funfun bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé, ó kú, ó tún dún. Ìyá mi jáde wá pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Ó dúró, kò sọ nǹkan kan.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Bàbá mi gba fóònù náà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí n ti bá ọ sọ tipẹ́." Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kó parí rẹ̀. "Bàbá, mo rántí ewúrẹ́ yẹn," ó ní. "Ṣé bírékì rẹ̀ ti mú báyìí?"

"Ó ti mú," bàbá mi dáhùn. "Àbúrò rẹ ni ó so ó."