Ẹ Gbé Òòlù Sílẹ̀, Ẹ Tan Iná Sí I

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, ẹni tó bá ń fi òòlù dán òkúta iyebíye wò, ọjà ara rẹ̀ ló ń bà jẹ́. Àwọn kan ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́ nìyẹn: fi fáìlì ha á, fọ́ igun kan wò. A ò gbà.

Kí ni fáìlì lè sọ? Bí òkúta ṣe le tó, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò lè sọ bóyá inú rẹ̀ mọ́ tàbí ó sán, bẹ́ẹ̀ inú yẹn gan-an lowó wà. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, kì í ṣe òòlù.

Ẹ mú tourmaline tí wọ́n ń wà nílẹ̀ Ọ̀yọ́, tó ń dé ọjà Òjòó n'Ìbàdàn. Ara rẹ̀ rí págunpàgun, kò jẹ́ ká rínú. Ẹ rì í sínú omi tó mọ́ gaara, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn. Ìmọ́lẹ̀ kò ní fọ́n ká tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ibi tó sán á sì hàn. Ẹ wá yọ ojú méjèèjì awò oòrùn tó jẹ́ polarized, ẹ gbé ọ̀kan lé èkejì, ẹ yí i títí yóò fi ṣókùnkùn. Ẹ fi òkúta sáàárín, ẹ máa yí i. Tourmaline á mọ́lẹ̀, á ṣókùnkùn, ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú yíyípo kan. Gíláàsì lásán sábà máa ń dúdú títí. (Ẹ wò ó láti ọ̀nà mẹ́ta o, torí ìhà kan wà tí tourmaline ti ń ṣe bíi gíláàsì.)

Wọ́n ní ẹ̀rọ wọ́n. Awò oòrùn náà? Èyí tó wọ́n lóòótọ́ ni ẹ̀rọ tó ń mọ bàbà. Ní 2001 ni tourmaline tó ní bàbà nínú jáde ní Nàìjíríà, irú èyí tó sọ Paraíba ní Brazil di olókìkí. Ojú lásán kò lè fìdí bàbà yẹn múlẹ̀. Oníbàárà tó lówó ẹ̀rọ mọ ohun tó ń rà. Ẹni tó wà á kò mọ ohun tó ń tà. Ìrẹ́jẹ gidi nìyí.

Kí àwọn yunifásítì tó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún awakùsà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Tiwa ni láti kọ ìlànà rẹ̀ ní Yorùbá tó yé ará ọjà. Ti omi àti tọ́ọ̀ṣì la ó kọ́kọ́ kọ.