A KÒ NÍ SANWÓ KÍ A TÓ RÍ OWÓ WA GBÀ

Ẹ̀yin ará wa ní ẹ̀ka Old GRA. Ní ìpàdé tí ó kọjá, bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún púpọ̀ ní kí n gba kámú, pé ẹni tí ó ṣi owó san, àfọwọ́fà ara rẹ̀ ni. N kò gbà bẹ́ẹ̀.

Mo fi tẹlifóònù san ₦20,000 owó iná, mo sì ṣi nọ́ńbà kan tẹ̀ nínú nọ́ńbà mítà mi. Orúkọ oní-mítà hàn gbangba kí n tó san án. N kò kà á. Ẹ̀bi mi nìyẹn, n kò sì janpata lórí ₦100 tí ilé ìfowópamọ́ yọ fún iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ fẹjọ́ sùn, akọ̀wé wọn ní kí n kọ́kọ́ mú ₦1,000 wá, owó àtúnṣe.

Àtúnṣe kí ni? Nọ́ńbà 20 tí à ń pè ní tókìn ṣì wà nínú fóònù mi. Mítà tí a ṣe é fún nìkan ni ó lè gbà á. Kò wúlò fún mi, ẹni tí ó sì lè lò ó kò mọ̀ pé ó wà. Iná náà kò tíì jó nílé ẹnikẹ́ni! Àní VAT, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, tí í ṣe ₦1,395 ó lé díẹ̀, ni wọ́n ti yọ lórí iná tí ẹnikẹ́ni kò tàn.

Ẹ má sì wí pé ọlọ́rọ̀ ni gbogbo ará GRA. Awakọ̀, olùkọ́ àti alásè ń bẹ nínú wa tí wọ́n ń gbé bọ́ìsì-kọ́tà, tí wọ́n sì ń ra iná kan náà tí NERC gbé láti nǹkan bí ₦68 lọ sí ₦225 ní April 2024.

Ìwé owó iṣẹ́ ti Central Bank, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 2020, kò fi àyè sílẹ̀ fún ilé ìfowópamọ́ láti gba owó tí kò sí nínú rẹ̀ láìgba àṣẹ. Nítorí náà, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ fi ọjọ́, wákàtí àti nọ́ńbà ìsanwó sí i, kí wọ́n lu òntẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, ẹ gbé e lọ sí Central Bank.

Lẹ́tà tèmi wọlé ní ọjọ́ Ajé. N ó mú ẹ̀dà rẹ̀ wá sí ìpàdé. Kí ẹni tí wọ́n ti gba irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ mú ìwé tirẹ̀ wá pẹ̀lú, kí Bàbá sì jọ̀wọ́ jókòó níwájú.