Gbígbẹ́ Ilẹ̀ Lẹ́ẹ̀kan fún Wáyà Ọ̀pọ̀ Ilé-iṣẹ́: Ohun Tó Kàn Wá ní Surulere, Yaba àti Mushin

Ẹ̀yin olùgbé Surulere, Yaba àti Mushin, ohun tí ojú yín ń rí ni. Ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan yóò gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì, yóò ri wáyà fáíbà mọ́lẹ̀, yóò sì dí i. Kò ní pẹ́ tí òmíràn yóò fi dé láti tún ibẹ̀ gbẹ́. Títì yóò bàjẹ́, páìpù omi yóò fọ́, wáyà ẹni tó kọ́kọ́ dé yóò sì já. Lókè ẹ̀wẹ̀, wáyà so rọ̀ lára òpó bí aṣọ tí a sá.

Fáíbà kan kò nípọn ju irun orí lọ púpọ̀. Páìpù abẹ́lẹ̀ kan lè gba wáyà ilé-iṣẹ́ púpọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìnáwó iṣẹ́ náà jẹ́ ti ilẹ̀ gbígbẹ́ àti títì títúnṣe, kì í ṣe ti wáyà. Ilé-iṣẹ́ kékeré tó bá háyà páìpù tó ti wà nílẹ̀ yóò lè dé àdúgbò tí agbára rẹ̀ kò ká tẹ́lẹ̀. Nígbà náà, iye owó àti ìtọ́jú oníbàárà ni wọn yóò fi máa díje.

Ìdí nìyí tí ìjọba Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú, pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ aládàáni, fi dáwọ́ lé páìpù àjùmọ̀lò tí a pinnu pé yóò gùn tó 6,000 kìlómítà. Òfin Ìbánisọ̀rọ̀ ti ọdún 2003 náà gbé e lé àjọ NCC lọ́wọ́ láti máa gba àwọn ilé-iṣẹ́ níyànjú pé kí wọ́n jọ lo ohun èlò. Ní Ìlú Ọba, láti ọdún 2010 ni àjọ Ofcom ti pàṣẹ pé kí BT ṣí páìpù àti òpó rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ń bá a díje.

Ṣùgbọ́n ohun méjì gba ìṣọ́ra. Àkọ́kọ́, ẹni tó ni páìpù kò gbọ́dọ̀ di oníbodè tó ń gba owó bó ṣe wù ú. Iye kan náà ni kí gbogbo ilé-iṣẹ́ máa san, kí a sì kéde rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀yin oníbàárà ni ẹrù náà yóò padà já lé lórí. Èkejì, bí kátàpílà bá já páìpù kan ṣoṣo, gbogbo ilé-iṣẹ́ inú rẹ̀ ni yóò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ó yẹ kí páìpù mìíràn gba ibòmíràn.

Nítorí náà, a rọ̀ yín: bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì yín, ẹ béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àjọ LASIMRA. Bí kò bá ní in, ẹ fi tó ìjọba ìbílẹ̀ yín létí kí ó tó ki ṣọ́bìrì bọlẹ̀. Gbogbo wa la jọ ni títì náà.