Aago Kan Kò Tó Ṣe Ẹlẹ́rìí

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá wa wí, wọn kò sì yọ aago sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá gba ohun tí aago kan ṣoṣo wí gbọ́, tí kò ní òmíràn tó lè fi wò ó bóyá òótọ́ ló ń sọ, ẹjọ́ apá kan lẹni náà gbọ́ tó fi dájọ́. Gbogbo ayé ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ipò yẹn lónìí. Àkókò tí ọ̀pọ̀ òpó tẹlifóònù, báǹkì àti iléeṣẹ́ iná mànàmáná káàkiri ayé fi ń ṣiṣẹ́, ojú ọ̀run ló ti ń wá, láti ara àwọn sátẹ́láìtì, pàápàá GPS ti ìjọba Amẹ́ríkà. Bí àwọn ará òkè wọ̀nyí bá ní aago méjìlá ti lù, ó ti lù nìyẹn. Ta ni yóò já wọn nírọ́?

Èmi mọ àwọn tó lè já wọn nírọ́. Àwọn ni mo fẹ́ gbèjà lóṣù yìí, nítorí pé ẹ̀gàn tí àwọn ènìyàn ń dà lé wọn lórí ti pọ̀ jù.

Ní Amẹ́ríkà, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Jámánì àti láwọn ibòmíràn, àwọn ènìyàn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ òòjọ́ wọn dé, inú gáréèjì tàbí yàrá abẹ́ ilé ni wọ́n ń gbà lọ. Kì í ṣe ọtí ni wọ́n ń lọ mu níbẹ̀. Aago ni wọ́n ń tò. Aláago ìgbafẹ́ ni n ó máa pè wọ́n. Ọ̀kan ń kan aago tó ní ọ̀pá tó ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú ìgò tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Òmíràn ń fi òjé jó waya pọ̀, ó ń ṣe ẹ̀rọ tí òkúta quartz ń gbọ̀n nínú rẹ̀ láìdúró, ó sì gbé òkúta náà sínú ààrò kékeré kan kí òtútù àti ooru má baà yí ìgbọ̀nwárìrì rẹ̀ padà. Òmíràn ń wá ẹ̀rọ rubidium tàbí ti caesium tó jẹ́ àlòkù rà, ó ń tún un ṣe. Olówó kọ́ ni gbogbo wọn o. Nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù pààrọ̀ ẹ̀rọ ara òpó wọn, ọ̀pọ̀ rubidium tó jẹ́ ọ̀wọ́n gógó tẹ́lẹ̀ ló bọ́ sọ́jà àlòkù ní owó pọ́ọ́kú. Àwọn aláago ìgbafẹ́ ló gbà wọ́n lọ́wọ́ ààtàn.

Caesium ni ọba gbogbo aago wọ̀nyí. Ní 1955 ni Louis Essen àti Jack Parry ṣe èyí tó kọ́kọ́ ṣe é gbára lé, ní Teddington lẹ́bàá London. Nígbà tó di 1967, àwọn orílẹ̀-èdè fi ẹnu kò pé bí ìgbì inú átọ́ọ̀mù caesium bá gbọ̀n ní ìgbà 9,192,631,770, ìṣẹ́jú àáyá kan ti kọjá nìyẹn. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tí ìjọba ń fi ilé ńlá pamọ́, ni àwọn kan nínú àwọn ènìyàn yìí gbé kalẹ̀ sínú ilé tiwọn.

Mo ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bọ̀dá, iṣẹ́ ò sí lọ́wọ́ wọn ni. Kí lèèyàn fẹ́ fi ìdá bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá ṣe? Ṣé wọ́n fẹ́ fi se ọbẹ̀ ni?" Ni gbogbo ọ́fíìsì bá ń rẹ́rìn-ín.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn níhìn-ín, níbi tí èèyàn púpọ̀ yóò ti gbọ́. Nínú ìdá bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní nanosecond, ìgbì rédíò máa ń rìn tó 30 sẹ̀ǹtímítà: gígùn rúlà tí ọmọ ilé ìwé fi ń fa ìlà. Sátẹ́láìtì tó ń júwe ọ̀nà fún mọ́tò àti bàálù, aago ló fi ń wọn ọ̀nà, kò ní tépù lọ́wọ́. Bí aago rẹ̀ bá fi nanosecond kan ṣìnà, ó ti fi rúlà kan ṣìnà. Bí ó bá fi ìdá mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá ṣìnà, ó ti di 300 mítà: o ti kọjá ilé àna rẹ, o ti bọ́ sí àdúgbò kejì. Ohun tí ẹ fi ń ṣẹ̀fẹ̀ yìí ni àwọn tó wà nínú bàálù gbé ẹ̀mí wọn lé.

Ọ̀rọ̀ kejì tí wọ́n máa ń sọ ni pé irú iṣẹ́ báyìí, ti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ìjọba ni, kí aláago ìgbafẹ́ wá ibì kan jókòó sí. Háà! Ìtàn aago kò bá wọn sọ bẹ́ẹ̀ rárá.

John Harrison, tí wọ́n bí ní 1693, káfíńtà ni. Kò gba ẹnu ọ̀nà yunifásítì kankan kọjá. Ní 1714 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé àwọn yóò fún ẹni tó bá lè jẹ́ kí atukọ̀ mọ bí òun ti lọ sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn tó lójú agbami ní £20,000. Aago lè yanjú rẹ̀. Bí atukọ̀ bá gbé aago tó ń sọ àkókò ilé lọ́wọ́, tó sì mọ ìgbà tí oòrùn kan àtàrí níbi tó wà, gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́rin tó bá wà láàárín méjèèjì, ìdá kan nínú 360 yíká ayé ló ti rìn yẹn. Ṣùgbọ́n ta ló lè ṣe aago tí kò ní ṣìnà lórí omi tó ń ru? Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé inú ìràwọ̀ ni ìdáhùn wà, kì í ṣe lọ́wọ́ káfíńtà. Nígbà tí wọ́n gbé aago Harrison lọ sí Jamaica láti 1761 wọ 1762, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré ló fi sẹ́yìn lẹ́yìn ọjọ́ 81. Síbẹ̀ ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ owó náà ń fi òní dónìí, wọ́n ń fi ọ̀la dọ́la, àfìgbà tí ọba George Kẹta dá sí i tí àwọn aṣòfin fi fún un ní £8,750 ní 1773. Bàbá ti di ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà náà.

Ó tún kù. Ní 1775, Harrison kọ ọ́ sínú ìwé pé òun mọ bí a ṣe lè ṣe aago ọlọ́pàá-fífì tí kò ní fi ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ ṣìnà láàárín ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Wọ́n fi í ṣẹ̀sín, wọ́n ní orí bàbá ti dàrú. Ní àwọn ọdún 1970 ni Martin Burgess bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlànà bàbá náà kan aago, iléeṣẹ́ Charles Frodsham ní London ló sì parí rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Greenwich, wọ́n tì í mọ́ inú àpótí, wọ́n fi èdìdì dì í. Ní 2015, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọjọ́, ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ ìṣẹ́jú àáyá kan ló fi ṣìnà. Odidi ọdún 240 ni òtítọ́ káfíńtà fi wà ní àtìmọ́lé.

Ta tún ni William Shortt? Ẹnjiníà rélùwéè ni. Aago tí òun àti Frank Hope-Jones jọ gbé jáde ni wọ́n gbé sí ilé ìwòràwọ̀ Edinburgh ní 1921. Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ́dún ni àṣìṣe rẹ̀, irú rẹ̀ ni àwọn ilé ìwòràwọ̀ ńláńlá sì ń lò kí quartz tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Hope-Jones kan náà ló mú àbá wá tó di pì-pì-pì mẹ́fà tí BBC bẹ̀rẹ̀ sí í lù ní 5 oṣù kejì 1924. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ mọ pì-pì náà. Mélòó nínú wa ni bàbá rẹ̀ kò fi pì-pì BBC tún aago ògiri ṣe, kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì? Iṣẹ́ àwọn olùfẹ́ aago la fi ń ṣe é, a kàn mọ̀ ọ́n sí ti òyìnbó ìjọba ni.

Ọ̀rọ̀ kẹta ló burú jù, nítorí pé ẹnu àwọn aláṣẹ ló ti ń jáde. Wọ́n ní sátẹ́láìtì ti dé, kí la tún ń fi ti orí ilẹ̀ ṣe? Pẹ̀lú èrò yìí ni Amẹ́ríkà fi pa Loran-C, àwọn òpó rédíò tó ń júwe ọ̀nà láti orí ilẹ̀, ní oṣù kejì 2010. Faransé àti Norway pa tiwọn ní ìparí 2015. Ẹ wá wo bí Ọlọ́run ti í ṣe nǹkan. Oṣù kan kò tíì pé lẹ́yìn náà, ní 26 oṣù kìíní 2016, wọ́n yọ sátẹ́láìtì GPS kan tó ti gbó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ni àṣìṣe bá wọ inú ohun tí kọ̀ǹpútà ilẹ̀ ń rán sí àwọn tó kù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pín àkókò tó fi ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá lọ́nà 13 ṣìnà. Kò jọ nǹkan kan lójú ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ wákàtí ni ẹ̀rọ àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù ń ké gbàjarè, rédíò dígítà BBC pàápàá sì dàrú láwọn ibì kan.

Nínú ilé àwọn tí à ń fi ṣẹ̀sín ńkọ́? Aago caesium wọn ń lọ bó ti ń lọ, nítorí pé kì í bi ará òkè léèrè kó tó rìn. Ẹni tó gbé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òkè rí i kedere pé ti òkè ló ń purọ́. Ohun tí mo ń pè ní ẹlẹ́rìí kejì nìyẹn.

Ṣé àwọn aláṣẹ wá kọ́gbọ́n? Ẹ gbọ́ ná. Ní 2018, NIST, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó òṣùwọ̀n, gbé ìṣirò owó ọdún 2019 jáde. Wọ́n dábàá pé kí wọ́n ti rédíò WWV àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pa ní Colorado àti Hawaii, kí mílíọ̀nù 6.3 dọ́là lè ṣẹ́kù. WWV yìí ló ń pe àkókò láti Fort Collins lórí 5, 10 àti 15 megahertz. Ẹni tó bá ní rédíò onígbì kúkúrú tí ohùn rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lè gbọ́ ọ láìsan kọ́bọ̀, bó jẹ́ olówó bó jẹ́ tálákà. Àwọn olùfẹ́ rédíò àti àwọn aláago inú gáréèjì wà lára àwọn tó figbe ta. Wọ́n kọ̀wé, wọ́n kó orúkọ jọ. Wọn kò sì pa WWV. Ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní 2019, ó ń pe àkókò.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣiyèméjì, kó bi àwọn awakọ̀ bàálù tó ń gba agbègbè Òkun Baltic kọjá. Láti 2022 ni ìdàrúdàpọ̀ GPS ti di ohun tí wọ́n ń bá pàdé lemọ́lemọ́ níbẹ̀. Ohùn sátẹ́láìtì kì í lágbára mọ́ bó bá fi máa dé ilẹ̀, ariwo tí kò tó nǹkan lè bò ó mọ́lẹ̀.

N kò ní tan yín o. Àwọn kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé àkójọ lásán ni tiwọn, tí ẹ̀rọ kún ilé débi pé ìyàwó kò ríbi gbé ìkòkò sí. Owó iná wọn kì í ṣe kékeré. Ẹ̀yà ara aago caesium tó ń ṣiṣẹ́ gan-an a sì máa gbó, bó bá ti kú, gbèsè ló kù. Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ẹni tó ra mọ́tò mẹ́fà tí kò lè wà ju ọ̀kan lọ lẹ́ẹ̀kan, à ń kí i ní "Alájì, ẹ kú oríire." Ẹni tó ra aago mẹ́fà kó lè mọ èyí tó ń purọ́, a ní orí rẹ̀ yí.

Ní 2005, bàbá kan ní ìpínlẹ̀ Washington kó aago caesium mẹ́ta àti àwọn ọmọ rẹ̀ sínú mọ́tò, ó kó wọn lọ sórí Òkè Rainier fún ọjọ́ méjì. Einstein ti sọ ọ́ pé bí a bá ṣe ń gòkè jìnnà sí ilẹ̀ tó ni àkókò ń yára tó. Nígbà tí wọ́n padà délé, àwọn aago tó gòkè ti fi nǹkan bíi nanosecond 22 ṣíwájú àwọn tó dúró sílé. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò ka ọ̀rọ̀ Einstein nínú ìwé nìkan, wọ́n fi ojú ara wọn rí i. Mélòó ni ilé ìwé tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ yín?

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Kí àwọn ìjọba má ṣe pa rédíò àkókò tó wà lórí ilẹ̀ nítorí owó táṣẹ́rẹ́. Kí àwọn iléeṣẹ́ tó bá ń pààrọ̀ ẹ̀rọ má fi òòlù fọ́ ti àtijọ́, kí wọ́n má sì dáná sun ìwé àlàyé rẹ̀, kí wọ́n tà á fún ẹni tó mọ iyì rẹ̀. Kí ẹni tí kò mọ ohun tí aago caesium wà fún sì kọ́kọ́ bèèrè kó tó rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó ń pín àkókò fún gbogbo ayé, ọba ni. Ọba tó bá fẹ́ kí ìlú tòrò nílò ẹnìkan tí kò gba owó oṣù lọ́wọ́ rẹ̀, tó lè dìde kó sọ pé: "Kábíyèsí, aago yín ti ṣìnà." Àwọn ìjòyè kì í sọ irú rẹ̀ láàfin. Inú gáréèjì ni wọ́n ti ń sọ ọ́, ẹ má ti gáréèjì náà pa.