Ṣé wọ́n tún máa pa íntánẹ́ẹ̀tì?
Ẹ̀yin ará Ìdáàṣà, ọjọ́ ìbò aṣòfin, 28 oṣù kẹrin ọdún 2019, WhatsApp àti Facebook ni wọ́n kọ́kọ́ dí. Ẹni tó ní VPN ṣì lè gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Kò pẹ́, wọ́n pa íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá, VPN náà ò rí ọ̀nà gbà mọ́. Ẹgbẹ́ méjì péré ló pín ìjókòó 83.

Ẹ ṣì gbé VPN sórí fóònù, kí ẹ sì ní mẹ́mọ́rì káàdì: zémì lè gbé fáìlì dé Savalou. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò tó. Ní 2018 a pariwo lórí owó-orí fránkì 5 lórí mégábáìtì kan, ìjọba sì fagi lé e. Ẹni tó bá wá tọrọ ìbò lórí òkè wa, ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀ yìí lójú gbogbo ènìyàn.