Ọmọ Tó Bá Ṣípá

Ní ẹnu géètì ẹ́sítéètì kan ní Ṣàngótẹ̀dó, bàbá kan wà tó jẹ́ pé apá gbígbé sókè ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí mọ́tò bá fọn fèrè, yóò dìde lórí àga ike rẹ̀, yóò fi ọwọ́ méjèèjì gbé irin tó dábùú ọ̀nà sókè, mọ́tò á kọjá, yóò sì rọra sọ irin náà kalẹ̀. Bàbá Sójà là ń pè é, orúkọ náà kì í sì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó wà lára àwọn tí Nàìjíríà kó lọ sí Làìbéríà lábẹ́ ECOMOG, ọmọ ogun àpapọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lẹ́yìn 1990, ó sì ti bọ́ aṣọ ogun sílẹ̀ tipẹ́ kí 2017 tó dé. Ẹ fi ọdún yẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì ń wọlé fún un, ṣùgbọ́n owó náà kì í bá oṣù rìn dé ìdajì, ìyẹn ló fi ń ṣọ́ géètì.

Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwọ́de l'Ábújá, mo bi í pé kí ló dé tí kò bá wọn lọ. Ó ní owó ọkọ̀ ńkọ́? Mo wá fi òwe sí i: "Bàbá, ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọ̀gá mi, ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ́ wa ní Díípò ní Zaria? Sójà tó bá gbé apá méjèèjì sókè, ó ti túúbá nìyẹn."

Ìdáhùn yẹn ló jẹ́ kí n tún òwe náà yẹ̀ wò. A máa ń pa á fún ẹni tí ojú ń tì láti béèrè ohun tó tọ́ sí i, bí ẹni pé apá ló wúwo fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ ọwọ́ dáadáa. Èyí tó ń ké, tó ń yí nílẹ̀, ìyá lè rò pé inú ló ń run ún, kó bu àgbo fún un. Ó sì lè nà án. Èyí tó ṣípá ti sọ ohun tó ń fẹ́ láìfọhùn: ẹ gbé mi. Kì í ṣípá sí gbogbo ẹni tó ń kọjá lọ, ojú ìyá rẹ̀ ló ń wò. Bó bá tún gbọ́n díẹ̀, yóò dúró kí ìyá sọ garawa orí rẹ̀ kalẹ̀ ná. Òwe náà kò sọ̀rọ̀ ariwo rárá.

Ológun ni ẹ̀kọ́ yìí le fún jù. Wọ́n ti fi ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọ́ ọ pé kó kọ́kọ́ jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an, kó tó ráhùn. Àyè ìráhùn náà kì í sì í sábà yọ. Tíṣà tó fẹ̀yìntì ti bá NUT, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, ṣe ìpàdé, ó ti bá wọn daṣẹ́ sílẹ̀ rí, ó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé ẹ̀hónú. Òfin kò gba sójà láyè láti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Ìgbà tí orí rẹ̀ ti funfun tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì 1948, àwọn ajagunfẹ̀yìntì ṣípá ní Accra. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti jagun fún Gẹ̀ẹ́sì ní Burma, wọ́n dé ilé, wọn ò rí iṣẹ́, owó ìfẹ̀yìntì kò tó nǹkan. Wọ́n kọ ẹ̀bẹ̀ wọn sínú ìwé, wọn ò mú ìbọn dání, wọ́n forí lé ààfin gómìnà ní Christiansborg. Colin Imray, ọ̀gá ọlọ́pàá òyìnbó, dínà mọ́ wọn, ìbọn sì dún. Sergeant Adjetey, Corporal Attipoe àti Private Odartey Lamptey ló kú síbẹ̀. Ìlú gbaná. Ní Thiaroye ní Sẹ̀nẹ̀gà, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1944, ohun tí Faransé ti ṣe fún àwọn sójà adúláwọ̀ rẹ̀ tó béèrè owó iṣẹ́ wọn kò yàtọ̀. Ìyá tó yìnbọn lu ọmọ tó ṣípá sí i kì í ṣe ìyá. Àwọn ará Gold Coast, tó wá di Gánà, rí i kedere lọ́jọ́ náà, kò sì pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi gba òmìnira. Ẹni tó bá ń sọ pé òmìnira Gánà, ọ̀rọ̀ àwọn lọ́yà àti olóṣèlú nìkan ni, kó máa rántí sójà mẹ́ta yẹn.

Àwọn ajagunfẹ̀yìntì tiwa náà ti kọ́ láti mọ ojú ẹni tí wọ́n ń wò. Ní 2022, àti lẹ́yìn náà ní 2024, ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ètò ìnáwó ni wọ́n lọ dí l'Ábújá. Àwọn kan ní ìwà àìbọ̀wọ̀ ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àjọ tó ń san owó ìfẹ̀yìntì ológun lè ní orúkọ gbogbo wọn lọ́wọ́, bí kọ́kọ́rọ́ àpò kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ń dúró de owó ni. Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n lọ bá.

Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń béèrè ni owó tí wọ́n ń pè ní SDA. Ìjọba ń san án kí sójà tó ti fẹ̀yìntì má baà lọ ta ọgbọ́n ogun tó kọ́ fún ẹlòmíràn. Níbí ni 2017 ti wọlé: ètò owó náà kò kọ́kọ́ kan àwọn tó ti fẹ̀yìntì ṣáájú oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, bí ẹni pé ìbọn àwọn ti àtijọ́ kì í pa ènìyàn. Wọ́n tẹnu mọ́ ọn títí ìjọba fi gbà pé ó tọ́ sí àwọn náà. Sísan rẹ̀ ló wá di ọ̀rọ̀ lónìí-lọ́la.

Bí mo bá wà nídìí ọ̀rọ̀ wọn, ohun kan ni ǹ bá ní kí wọ́n kọ sára gbogbo páálí tí wọ́n bá gbé dání: Abala 173 nínú ìwé òfin 1999. Ó ní ìjọba gbọ́dọ̀ máa tún owó ìfẹ̀yìntì yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ bá yí padà, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Owó oṣù tó kéré jù di 30,000 náírà ní 2019, ó di 70,000 ní 2024. Ẹni tó ní ìwé òfin lọ́wọ́ kò tọrọ àánú, gbèsè ló ń béèrè. Kó má ṣe dúró di oṣù Kìíní, nígbà tí àwọn aṣòfin lè ti pín owó ọdún tán. Kí lẹ́tà ti dé ọ́fíìsì aṣojú Etí-Ọ̀sà, níbi tí Ṣàngótẹ̀dó wà, àti ti agbègbè gbogbo kí ààrẹ tó gbé ìwé ìṣúná wọlé. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kìíní, tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, tí a wá fi ń rántí àwọn akọni, ọjọ́ yẹn náà dára fún sísọ̀rọ̀, nítorí àwọn ọlọ́lá gbogbo ti jókòó, wọn ò lè sá. Ọdọọdún là ń tú ẹyẹlé sílẹ̀. Ẹyẹlé ń fò lọ, opó sójà ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá padà sílé.

Opó yẹn gan-an ni òwe wa kò rántí. Ọmọ tó ṣípá ni ìyá ń gbé. Èyí tí ogun ti gé lápá ńkọ́? Ẹlòmíràn ni yóò bá a na apá. Àwọn Gurkha ti Nepal, tí wọ́n ti ń jagun fún Gẹ̀ẹ́sì ó ti lé ní igba ọdún, béèrè pé kí àwọn tó fẹ̀yìntì ṣáájú 1997 lè máa gbé ní Ìlú Ọba. Joanna Lumley, òṣèré tí bàbá rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀gágun láàrin wọn, bá wọn na ọwọ́ sókè. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin 2009, ilé aṣòfin dìbò ta ko ìjọba, 267 sí 246, oṣù tó tẹ̀lé e kò tíì parí tí ìjọba fi gbà. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè lọ́jọ́ náà. Ti owó ìfẹ̀yìntì tó dọ́gba, wọ́n ṣì ń jà á.

Nígbà mìíràn, ìwé ló ń bá ẹni tó ń tiro na apá. Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmúrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ ogun ní 1942 kó tó pé ogún ọdún. Ní 1944, àwọn ará Japan kọlù wọ́n létí odò Kaladan ní Burma, ìbọn fọ́ egungun itan rẹ̀, àwọn ará abúlé kan sì fi í pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án. Ó padà wálé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó kọ ìtàn ara rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999. Ìwé kékeré náà ló mú Barnaby Phillips, akọ̀ròyìn, tọ̀ ọ́ wá, tó sì bá a gbé lẹ́tà ìdúpẹ́ lọ fún ìdílé tó gbà á là. Fíìmù rẹ̀ jáde ní 2011; Fadoyebo kú ní 2012. Ẹ wo Arakan Barracks ní Àpápá, Myhoung ní Yábàá, Letmauk n'Íbàdàn: ojú ogun Burma ni gbogbo orúkọ wọ̀nyẹn. A kọ orúkọ ibi tí ogun ti wáyé gàdàgbà sí ẹnu géètì. Mélòó nínú àwọn tó jà á la lè dárúkọ?

Mo sọ èyí fún Bàbá Sójà lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ní kó mú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ wá ká fi kọ lẹ́tà. Ó mú un wá nínú ọ̀rá dúdú, ó tú u, ó tún un dì. Ó ní tòun kò kánjú. Ìyàwó ọ̀rẹ́ òun kan wà ní Àbíjọ́, ọkọ rẹ̀ kò bá wọn padà láti Monrovia, kí n kọ ti ìyẹn ṣáájú. Mo bi í bóyá ìwé ọkọ náà wà nílẹ̀. Ó ní kò sí, ṣùgbọ́n kí n mú bírò. Ó wá pe nọ́ńbà ológun ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún mi láìwo ibì kankan, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Ó kù méjì kó pé tí mọ́tò fọn fèrè. Kò dìde títí tó fi pe méjèèjì tán.