Gọ́fúmẹ́ntì Kì í Ṣe Àkọ́sórí

Láti ọwọ́ Aládùúgbò, Ìlá-Ọ̀ràngún

Gbólóhùn kan wà tó ti di àdúrà lẹ́nu àwọn òbí, tí àwọn olùkọ́ fúnra wọn sì ń ṣe àmín sí: “Gọ́fúmẹ́ntì ò gba tíṣà lẹ́sìn. Kó ṣáà kà á.” Wọ́n á wá olùkọ́ ìrọ̀lẹ́ fún Ìṣirò. Wọ́n á yáwó san ti Físíìsì. Nítorí Kẹ́mísìrì, wọ́n á ránṣẹ́ dé Òṣogbo. Àmọ́ bó bá kan Gọ́fúmẹ́ntì, wọ́n á ní kí ọmọ wọ yàrá lọ, kó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kó há a sórí bí ìgbà tí wọ́n ń há oríkì. Ọmọ tó bá jáde wá wí pé ẹ̀kọ́ náà ò yé òun, ojú ọ̀lẹ ni wọ́n fi ń wò ó.

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò lórí, kò nídìí. Gọ́fúmẹ́ntì kì í ṣe àkọ́sórí. Àríyànjiyàn ni: ta ló láṣẹ, ta ló gbé e fún un, ta ló lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnìkan kì í sì í dá jiyàn nínú yàrá, àfi tí nǹkan bá ti ń ṣe é. Ọmọ lè dá ṣe ìṣirò títí ohun tó rí á fi bá ìdáhùn ẹ̀yìn ìwé mu. Gọ́fúmẹ́ntì ò ní ìdáhùn lẹ́yìn ìwé. Ẹni tó máa wo ọmọ lójú, tó máa sọ fún un pé “ibi tóo gbé e gbà yẹn ò já síbì kan” ló nílò. Ẹni yẹn gan-an là ń pè ní tíṣà lẹ́sìn.

Ẹ wo bí lẹ́sìn Gọ́fúmẹ́ntì ṣe ń lọ níbi tí wọ́n bá ti rí ẹni ṣe é rárá. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti lù. Pátákó dúdú fara ti ògiri pálọ̀, ọmọ mẹ́fà jókòó lórí bẹ́ǹṣì, tíṣà ń pe nóòtì fún wọn: “Àǹfààní ìjọba àpapọ̀. Nọ́ńbà wáànù…” Ohùn bíírò lórí ìwé nìkan lẹ gbọ́, kò sẹ́ni tó gbójú sókè. Nígbà tó bá di nọ́ńbà mẹ́jọ, tíṣà á ní kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, lẹ́sìn parí nìyẹn. Bí ọmọ kan bá wá ṣàṣìṣe béèrè pé kí ló dé tí ohun tó ní àǹfààní mẹ́jọ báyìí ò fi ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní ládùúgbò àwọn, èsì ti wà nílẹ̀: “Ìyẹn ò sí nínú sílábọ́ọ̀sì.”

Sílábọ́ọ̀sì ọ̀hún mà wà lójú títì! Kò sí ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Èrèlé 2025. Àwọn kan ní ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti dá àwọn padà sórí àga káńsù, àwọn kejì ní ìbò ló gbé àwọn wọlé. Wọ́n kọlu ara wọn lẹ́nu ọ̀nà sẹkitéríàtì, ẹ̀mí ṣòfò. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ jókòó sílé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù, ìjọba àpapọ̀ sì gbẹ́sẹ̀ lé owó ìjọba ìbílẹ̀ 30 tó wà ní ìpínlẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀, ní ọjọ́ 11, oṣù Agẹmọ 2024, kò tíì pé ọdún kan sígbà náà, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, kí gómìnà kankan má ṣe dì í mú mọ́. Wọ́n ní kí gómìnà jọ̀wọ́ ẹ̀, Àbújá dì í mú. Olùkọ́ wo ló tún ń wá àpẹẹrẹ kiri?

Tíṣà tó mọṣẹ́ á gbé ìwé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 sórí tábìlì, á ṣí abala keje fún ọmọ, níbi tí wọ́n ti ṣèlérí ìjọba ìbílẹ̀ tí aráàlú dìbò yàn. Lẹ́yìn náà á ṣí abala 162, níbi tí òfin kan náà ti ní kí ìpínlẹ̀ ní àpò kan tí òun àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ ń lò. Á wá bi í pé: “Ọ̀kan ní kó dá dúró, èkejì fi okùn àpò rẹ̀ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Èwo ni kí Ìlá gbà gbọ́?” Kó panu mọ́. Kó jẹ́ kí ọmọ rò ó, kó ṣì í, kó tún un ṣe. Wákàtí kan bẹ́ẹ̀ ju nóòtì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, nítorí Gọ́fúmẹ́ntì kì í ṣe àkọ́sórí.

Àwọn tó bá rò pé àsọdùn ni kí wọ́n bi àwọn ọmọ Ìlá tó ń gbé Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, ẹ̀kọ́ ìjọba tó ga jùlọ nílé-ìwé girama ni wọ́n ń pè ní AP, College Board ló sì ń ṣe ìdánwò rẹ̀ ní oṣù Èbìbí. Àwọn òbí tó bí ọmọ sí Maryland tàbí Houston ń wá tíṣà lẹ́sìn fún un lójú méjèèjì, ojú kì í sì í tì wọ́n. Ìdí rẹ̀ ni pé ìdánwò náà kò gba ẹ̀tàn. Ìbéèrè àṣàyàn 55 ni wọ́n ń dáhùn láàárín ìṣẹ́jú 80, ṣùgbọ́n ìdajì máàkì wà lórí ìbéèrè mẹ́rin tí ọmọ fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kọ àlàyé sí. Ìwé ìpìlẹ̀ mẹ́sàn-án ló gbọ́dọ̀ mọ̀, lẹ́tà tí Martin Luther King kọ láti ẹ̀wọ̀n Birmingham sì wà nínú wọn. Nínú ìbéèrè kan, wọ́n á gbé ẹjọ́ tí kò kà rí síwájú rẹ̀ pé kó fi wé èyí tó ti kà. Nínú òmíràn, wọ́n á ní kó mú ìhà kan, kó gbè é lẹ́sẹ̀, kó sì fèsì fún ẹni tó bá tako òun.

Odídẹrẹ́ ò lè ṣe é. Ìyẹn ni òbí Amẹ́ríkà ṣe ń sanwó fún ẹni tí yóò ka àròkọ ọmọ rẹ̀, tí yóò fa yíǹkì pupa sí i. Òbí tiwa ń sanwó fún ẹni tí yóò pe nóòtì.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀kan hàn. Lára ẹjọ́ tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ ni McCulloch àti Maryland, ti 1819. Ìpínlẹ̀ Maryland bu owó orí lé báńkì tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀, ilé-ẹjọ́ ní kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ọmọ Ìlá tó bá gbé ẹjọ́ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdájọ́ 2024 á rí i pé ìjà kan náà ni: apá wo nínú ìjọba ló lè fún ìkejì lọ́rùn? Á tún rí ohun tí yóò yà á lẹ́nu. Òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà kò sọ gbólóhùn kan nípa ìjọba ìbílẹ̀, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi wọ́n sí. Ti Nàìjíríà dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ 768 àti káńsù agbègbè mẹ́fà ti Àbújá, Ìlá wà níbẹ̀ gbangba gbàǹgbà. A wá lórúkọ nínú òfin, a ò lówó lápò. Èwo ló sàn nínú méjèèjì? Ọmọ tó lè kọ ojú-ewé mẹ́ta lórí ìbéèrè yẹn, kò lè fìdí rẹmi ní WAEC.

Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àlejò ní Ìlá. Olóyè Bísí Àkàndé, ọmọ ìlú yìí tó ṣe gómìnà Ọ̀ṣun láti 1999 sí 2003, wà lára ìgbìmọ̀ tó jókòó ní 1977 sí 1978 lórí òfin tí Nàìjíríà lò ní 1979. Òfin yẹn ló gbé wa kúrò nínú ìjọba olórí-mínísítà tí a jogún lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó gbé wa bọ́ sínú ìjọba ààrẹ ti Amẹ́ríkà. Ọmọ Ìlá bá wọn dá aṣọ náà, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ò wá mọ ibi tí wọ́n ti ń wọ̀ ọ́.

Wọ́n á ní past question ti tó. Past question ń sọ ohun tí wọ́n béèrè lánàá. Wọ́n á ní íntánẹ́ẹ̀tì wà. Íntánẹ́ẹ̀tì ń sọ̀rọ̀, kì í gbọ́ tẹnu ọmọ. Ẹ̀rọ AI tó sì ń dáhùn ìbéèrè yẹn, bí ọmọ bá ti ṣe orí kunkun díẹ̀, “òótọ́ lẹ sọ” ló máa ń sọ fún un. Wọ́n á ní bí olùkọ́ bá mú ọ̀rọ̀ káńsù wọ kíláàsì, ó ti dòṣèlú nìyẹn. Ẹ̀kọ́ òṣèlú ni wọ́n kúkú gbà á fún, àbí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀sìn?

Ẹyọ kan ló kù tó ní láárí: pé kò sí olùkọ́. Níbí lọ̀rọ̀ ti ń bí ni nínú. Ìlú tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ti ìpínlẹ̀ wà ni ò rí ẹni kọ́mọ! Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ṣe olùkọ́ ní Ọ̀ṣun lẹ́yìn ohun tójú wọn rí láti 2015 sí 2018? Wọ́n san ìdajì owó oṣù fún àwọn kan, wọ́n san ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fún àwọn mìíràn, wọ́n sì wá orúkọ òyìnbó tó dùn fi pè é, bí ẹni pé èèyàn lè gbé orúkọ lọ sọ́jà lọ ra ẹ̀lùbọ́. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ tíṣà kọ́ pé lẹ́sìn ló ń bọ́ ilé, pé bí ọmọ bá ṣe pọ̀ tó lórí bẹ́ǹṣì ni ọbẹ̀ ṣe ń dùn tó. Nóòtì ṣeé pè fún ogójì ọmọ lẹ́ẹ̀kan. Àròkọ ogójì ò ṣeé kà lálẹ́ kan. Ìjọba tó jẹ olùkọ́ lówó ló kọ́kọ́ sọ Gọ́fúmẹ́ntì di àkọ́sórí, òbí kàn bá wọn dé e ládé ni.

Ọ̀rọ̀ tó kù, ẹ̀rín ni. Lọ́dún 1996, ìwé ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí ipò ọba ní Ìlá-Ọ̀ràngún. John Pemberton, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Amherst College, òun àti onímọ̀ ìtàn Fúnṣọ́ Afọláyàn ló kọ ọ́. Òyìnbó rìn láti Amẹ́ríkà wá sí Ìlá kó lè mọ bí agbára ṣe ń pín láàárín Ọ̀ràngún àti àwọn ìjòyè rẹ̀, ó sì jókòó, ó ń béèrè “kí ló dé?” lọ́wọ́ àgbà. Ọmọ tí wọ́n bí sẹ́yìn ààfin náà ń há Ọ̀yọ́ Mèsì sórí nítorí ìdánwò. Bí ẹ bá bi í pé ta ló ń fọba jẹ nílùú rẹ̀, á wò yín bíi pé ẹ bi í ní orúkọ ìyá òṣùpá.

Nítorí náà, kí òbí tó ń wá tíṣà má wá ẹni tó mọ nóòtì. Àwọn tó ti gbé ìjọba lọ́wọ́ ò tán nílùú: akọ̀wé káńsù tó ti fẹ̀yìn tì, lọ́yà kékeré tí ẹjọ́ ò tíì kún ọwọ́ rẹ̀, akọ̀wé kóòtù, olùkọ́ àgbà tó ń ṣeré ayò nídìí igi. Kí wọ́n fi ìbéèrè kan dán an wò: ta ló ni owó ìjọba ìbílẹ̀? Bó bá dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n kí i pé ó dàárọ̀. Bó bá bi wọ́n pé “níbàámu pẹ̀lú abala wo?”, kí wọ́n gbé àga fún un.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí òbí jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kó máa ka iye ìgbà tí ọmọ sọ pé “ṣùgbọ́n, sà…”. Bí wákàtí kan bá kọjá tí kò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó fún tíṣà lówó ọ̀kadà, kó sì ní kó má wulẹ̀ padà wá lọ́la.